Wọ́n Ní Mi Ò Gbọdọ̀ Sùn ní Istanbul

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbéra, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo ti wọ bàtà, mo ti bọ́ ọ, mo sì ti tún un wọ̀ kí ọlọ́kọ̀ tó fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ibereko, ní Àgbádárìgì. Ẹrù mi kò pọ̀: àpótí kan tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò mi, báàgì ìfàkọ́ kan, àti páásípọ́ọ̀tì mi tí mo fi ọ̀rá wé ní ìlọ́po méjì. Ọlọ́kọ̀ rí ọ̀rá náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, bààlúù lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ ò ní lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀."

Mo ní, "Sétọ̀njí, ẹni tí omi bá ti gbé rí kì í gbé bébà rẹ̀ ní ìhòòhò."

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ dojú dé lórí ọ̀sà tó wà níwájú ìlú wa. Gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ kọ́ ló padà dé èbúté. Jẹ́ríkáànù òfìfo kan ni mo dì mọ́ títí àwọn apẹja fi fà mí jáde. Láti ìgbà náà, mi ò wọ ohunkóhun tó ń rìn láìkọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Mo máa ń bi awakọ̀ bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú. Bí mo bá wọ ilé ìjọsìn tí mi ò wọ̀ rí, ilẹ̀kùn kejì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá kí n tó gbàdúrà. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Ṣé-kò-séwu, mo sì máa ń jẹ́ wọn.

Ohun tó lè gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nílé kò pọ̀ láyé. Sènàmi, àkọ́bí mi obìnrin, ló bímọ ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ṣètọ́jú rẹ̀. Àwórì ni bàbá mi, Gun, tí a tún ń pè ní Ègùn, ni ìyá mi, àṣà kan sì wà nínú ilé wa tí a kì í fi ṣeré: ní ọjọ́ kẹjọ, bàbá àgbà ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ tuntun sí i létí, kí ẹlòmíràn tó pè é. Bí bàbá àgbà bá ti kú, a óò wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá wà láàyè, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì wá, àwọn ẹbí á ní ó kọ ọmọ náà ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ Sènàmi láéláé.

Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mi ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dúró de oṣù rẹ̀, ó yára wá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí Fẹ́mi, ọkọ Sènàmi, rí rà ní kíákíá, láti Kútọnu ni, ní ẹ̀yìn ẹnubodè wa, kì í ṣe láti Ìkẹjà. Bààlúù náà á gbé mi dé Istanbul, ní ilẹ̀ Tọ́kì, lálẹ́. Mo máa wà níbẹ̀ di òwúrọ̀, òmíràn á sì wá gbé mi lọ sí Manchester. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n óò wọlé, ọjọ́ Àìkú ni ìsọmọlórúkọ. Bí mo bá pàdánù ọkọ̀ kan péré, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí ti mọ̀ pé mo béèrè ọ̀rọ̀. Fẹ́mi ní ẹni tí kò bá jáde kúrò nínú pápákọ̀ òfuurufú Istanbul kò nílò físà Tọ́kì. Ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbalata ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ọmọ Nàìjíríà bá tilẹ̀ kàn jókòó sínú pápákọ̀ wọn, àfi kó gba físà ìkọjá, àyàfi tó bá ní físà ìlú ńlá mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí. Aládùúgbò mi kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé wọ́n máa gbé mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́ ni, màá jẹ ẹran ìdí àgùntàn. Ẹnu mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo pe ilé iṣẹ́ tó ni bààlúù fúnra mi, wọ́n ní ti Fẹ́mi ló tọ̀nà. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Ìyá Sènàmi pè mí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní, "Bàbá Sènàmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bi ẹni tó ń wa bààlúù léèrè bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú o. Wọ́n á sọ yín kalẹ̀."

A gba ọ̀nà Seme. Ibi tí wọ́n ti tún ṣe níbẹ̀ ń dán bí ọ̀bẹ, ibi tí wọn ò tíì tún ṣe ń gbọn eyín ẹni. Nígbà tí a dé Gbaji, ojúmọ́ ti mọ́, àwọn obìnrin ti ń to iṣu sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn agbófinró sì ti na okùn dí ọ̀nà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni Sétọ̀njí gbà dé ẹnubodè. Ibẹ̀ la ti jà.

"Bàbá, ibo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ tẹ òǹtẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tì."

"Òǹtẹ̀ kẹ̀? Ta ló ń tẹ òǹtẹ̀ lọ Kútọnu? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọ̀nà ilé ìyá yín nìyí ni?"

"Mo mọ̀."

"Mo ti ń gbé yín kọjá níbí láti ìgbà tí irun orí yín dúdú. Ṣé wọ́n tẹ ohunkóhun fún yín rí?"

"Ẹja gbígbẹ ni mò ń lọ rà nígbà yẹn. Dúró dè mí, jọ̀ọ́."

Mi ò bá a wí. Àwa tí a ń gbé ní etíkun yìí kì í ka ẹnubodè sí nǹkan bàbàrà. Ẹni tó ń kọjá á kàn kí àwọn tó jókòó lédè Gun, á ní "A fọ́n ganji a?", ìyẹn ni, ṣé ẹ jí dáadáa? Wọ́n á dá a lóhùn, ó ti kọjá nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lódì kejì ni wọ́n ń bi ní orúkọ bàbá rẹ̀ àti ilé tó fẹ́ wọ̀ sí. Bó ṣe rí ní àdúgbò wa nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tó ń kọjá ń kí ni, ẹni tó fẹ́ sùn ló ń ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló kó mi sí wàhálà.

Mo tẹ òǹtẹ̀ méjèèjì, ti Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ èrò lódì kejì, ẹgbẹ̀rún méjì owó sefá, wọ́n sì já mi sí Kútọnu. Títì wọn mọ́ ju tiwa lọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sémìjàn, wọ aṣọ àwọ̀ kan náà, wọ́n ń dúró bí iná bá pọ́n. Mo jẹ àtàsì lẹ́bàá títì, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ bíi tàwọn Hausa wa, pẹ̀lú ata dúdú tó gbóná janjan. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sefá ni wọ́n bù fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

Ní pápákọ̀ Kútọnu, ọmọbìnrin kan tó ń gba ẹrù ka orúkọ mi, ojú rẹ̀ sì là. Ó fi èdè Faransé sílẹ̀, ó bọ́ sórí èdè Gun.

"Bàbá, ọmọ Àgbádárìgì ni yín!"

"Ọmọ ibẹ̀ ni mí, ọmọ mi."

"Ìyá àgbà mi wá láti ibẹ̀. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ máa sùn ní Istanbul?"

Ẹ rò ó wò. Ọmọ ìlú mi ló ń bi mí, lédè ìyá mi, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkọ̀ mi á dé Istanbul lálẹ́, òmíràn á gbéra láàárọ̀. Èèyàn kò lè dúró láti alẹ́ di àárọ̀ kó má sùn. Mo dáhùn bí ọmọlúàbí, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màá sùn."

Ẹ̀rín náà kú. "Físà Tọ́kì yín dà?"

"Mi ò ní."

"Bàbá, ẹni tó máa sùn gbọ́dọ̀ ní físà."

Ó gbé páásípọ́ọ̀tì mi, ó wọ inú yàrá kan lọ. Mo dúró síbẹ̀ tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni pé mo tún padà sínú ọ̀sà. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń mí kanlẹ̀ nítorí pé mo dá a dúró. Èmi ò gbọ́ tirẹ̀. Etí ọmọ kékeré kan ní Manchester ni mo ń rò, tí ẹlòmíràn máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí.

Ọ̀gá rẹ̀ jáde wá, ọkùnrin apárí kan tó gbé awò ojú sí iwájú orí. Òun náà gbọ́ Gun.

"Bàbá, ẹ kú ìdúró. Ilé ta ni ẹ máa sùn sí nílùú yẹn?"

"Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ọ̀gá."

"Hòtẹ́ẹ̀lì wo, nígbà náà?"

"Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì."

"Orí kí ni ẹ wá fẹ́ sùn?"

"Orí àga."

Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. "Àga! Ẹ gbọ́, orí àga ni bàbá fẹ́ sùn!" Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin tó ń mí kanlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà sì fi ọwọ́ bo ojú. Ọ̀gá náà wá bi mí bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé mi dé Manchester àbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní ẹyọ kan ni. Ó yí àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí mi sókè, ó fi hàn mí pé Manchester ló wà lára rẹ̀.

"Ẹ rí i? Àpótí yín ò ní dúró ní Istanbul, ẹ̀yin náà ò ní jáde síbẹ̀. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni, wọ́n á já ẹrù yín síta níbẹ̀, ẹ óò ní láti wọ ìlú wọn kí ẹ tó lè gbé e. Ìgbà yẹn ni wọ́n á béèrè físà. Ìkọjá lẹ̀ ń kọjá." Ó wá na ìka sí mi, ó ní, "Ẹ má tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ẹ máa sùn. Ẹ ò gbọdọ̀ sùn ní Istanbul. Ìdúró lẹ fẹ́ dúró. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ ọ lóòótọ́, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an.

Ẹni tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tì wò níwájú wá òǹtẹ̀ tí mo fi wọ Bẹ̀nẹ̀. Ó rí i, ó jẹ́ kí n kọjá. Mo rántí Sétọ̀njí, mo sì dá rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní parọ́, inú bààlúù dùn mọ́ mi. Kí ó tó gbéra, ọmọbìnrin kan dúró láàárín wa, ó fi láìfù jákẹ́ẹ̀tì hàn wá, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó ń ṣàlàyé ibi tí a óò ti fà á àti ibi tí a óò ti fẹ́ ẹ. Àwọn èrò tó kù ń wo fóònù. Èmi nìkan ni mo dìde díẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. Ká ní àwọn tó ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà wa ń ṣe báyìí ni, àwọn kan ì bá wà lónìí. Nígbà tó parí, mo ní, "Ẹ ṣeun," òun náà sì tẹrí ba fún mi. Wọ́n fún wa ní adìyẹ, ìrẹsì, àti ẹ̀fọ́ tútù tí wọn ò sè. Mo jẹ adìyẹ àti ìrẹsì.

Istanbul. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gba ọ̀nà tó lọ sí ìta, níbi tí àwọn tó ń wo físà jókòó sí nínú àpótí onígíláàsì. Mo sá fún ibẹ̀ bí ẹni rí ejò. Mo tẹ̀ lé àmì àwọn tó ń pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n tún yẹ báàgì mi wò, mo sì gòkè bọ́ sínú gbọ̀ngàn kan tí mi ò rí òpin rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Wọ́n ń ta wúrà, wọ́n ń ta òórùn dídùn, wọ́n ń ta súìtì alárabarà, kò sì sí ẹni tó ń pe oníbàárà.

Mo rí tábìlì kan níbi tí ọkùnrin kan ti ń ta tíì. "Çay" ni wọ́n ń pè é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí "ṣáì" lẹ́nu wọn, inú ife gíláàsì kékeré tí ó ní ìbàdí bí obìnrin ni wọ́n ń bu ú sí. Yúrò mẹ́rin! Owó tíì kan yẹn á ra àgbọn tó kún apẹ̀rẹ̀ ní Agbalata. Ọkùnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Hasan lorúkọ rẹ̀. Ó pè mí ní "amca". Mo kọ́kọ́ rò pé èébú ni. Ó ṣàlàyé pé àbúrò bàbá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé nílẹ̀ àwọn, èèyàn kì í pe àgbà ní orúkọ lásán. Mo ní, "Hasan, ará ilé ni yín."

Mo fún un ní ṣúkùṣúkù, súìtì àgbọn tí mo gbé fún Sènàmi. Ó jẹ ọ̀kan, ojú rẹ̀ là. Ó ní àwọn mọ àgbọn, pé orúkọ rẹ̀ lédè àwọn ni "hindistan cevizi", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èso ilẹ̀ Índíà.

"Ti Índíà kọ́ o," mo ní. "Ti Àgbádárìgì ni."

"Badagri?"

"Àgbádárìgì. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yí orúkọ náà padà."

Ó fún mi ní kọfí ilẹ̀ wọn, kò gba owó. Dúdú ni, ó nípọn, nínú ife tó kéré bí ife oògùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn kì í mu ún dé ìsàlẹ̀. Mo mu ún tán pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀, Hasan sì ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Ó dára tí mo mu ún, nítorí pé ìgbà tí òru dé ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ní mi ò gbọdọ̀ sùn. Mo jẹ orógbó. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Mo jókòó sí etí àga kí ìdí mi má baà tura. Bí ọlọ́pàá bá ń kọjá, màá la ojú mi gbàràgàdà, màá sì kí i, kó lè rí i pé ẹni tó jí ni mí. Ọ̀kan nínú wọn padà wá lẹ́ẹ̀mejì láti tún mi wò.

Ibi tí mo ti ń rìn ni mo ti gbọ́ ìhanrun. Ẹ̀yìn òpó kan ni mo yọjú sí: obìnrin wa kan ló tẹ́ ìró àǹkárá sílẹ̀ nílẹ̀, tó fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, tó sì sùn bí ẹni tó san owó orí ibẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n fẹ́ wá mú un nílẹ̀ onílẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí wọ́n tó rí yín!"

Ó fò sókè. "Kí ló dé? Iná?"

"Rárá o. Ẹ̀ ń sùn ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Wọn ò gbà kéèyàn sùn níbí. Ẹni tí kò ní físà Tọ́kì, ìdúró ló máa dúró."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mo sọ ti ọ̀gá Kútọnu fún un látòkè délẹ̀. Ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní orúkọ òun ni Àlájà Sìkírátù, láti Òjó, aṣọ lòun ń lọ rà ní Ṣáínà, àti pé ẹ̀yìn òpó yẹn ni yàrá òun láti ọdún mélòó kan.

"Bàbá Àgbádárìgì! Ṣé ẹ ti wá jókòó láti alẹ́?"

"Mo ń rìn ni."

"Yéè! Ẹ gbọ́ mi o. Wọ́n ní kí n má wọ ìlú wọn. Wọn ò ní kí n má wọ ojú oorun! Ẹ wo ẹnu ọ̀nà yẹn níwájú, níbi tí wọ́n ti ń wo físà. Bẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ti sùn ní Tọ́kì nìyẹn, kódà bí ẹ ò pa ojú dé. Bẹ́ ẹ bá wà níbí, ẹ máa hanrun dọ́la, ìkọjá lẹ̀ ń kọjá."

"Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ní..."

"Ẹ ò ṣe bi í léèrè?"

Èmi! Bàbá Ṣé-kò-séwu! Ó ń nu omijé, ó gbójú sókè sí pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ sí, ẹ̀rín náà sì já lẹ́nu rẹ̀.

"Astagfirullah! Ọkọ̀ mi! Wọ́n ti ń pe ìpè ìkẹyìn!" Ó ká ìró, ó gbé báàgì, ó mú bàtà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ilẹ̀ dídán náà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ó ti jìnnà kó tó yíjú padà. "Bàbá Àgbádárìgì! Ká ní ẹ gbọ́n ni, n kì bá tí jí! Ẹ lọ sùn o, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo padà sọ́dọ̀ Hasan, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì mi hàn án, mo ní kó bá mi ṣọ́ àkókò. Mo wá sùn sórí àga mẹ́ta, mo fi báàgì ìfàkọ́ rọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oorun tí mo sùn níbẹ̀, mi ò tíì sun irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde nínú omi. Mi ò lálàá ohunkóhun.

"Amca! Manchester! Manchester!"

Hasan ló ń gbọn mí. Ojú ọ̀run ti mọ́ lẹ́yìn gíláàsì. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mi jìnnà bí Ibereko sí èbúté. Mo sáré, àgbà ń sáré, àwọn ọmọdé ń yà fún mi. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ìkẹyìn ti wọlé, wọ́n ń na okùn dí ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tì mi, ó wo físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wo ojú mi.

Ó béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo sùn níbí mọ́jú.

Ẹ̀rù gbé mi padà sí Kútọnu kíákíá. Mo nà ró, mo ní, "Rárá o, ọ̀gá. Mi ò sùn. Mo dúró ni."

Ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo fọwọ́ kàn án. Eyín síìpù báàgì mi ti ya gbogbo ara rẹ̀ síbẹ̀, láti etí dé àgbọ̀n, bí ilà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó fa ètè mọ́ra kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yáa wọlé, pé mo dúró dáadáa.

Mo dé Manchester lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òtútù ibẹ̀ wọ mi dé egungun, òjò wọn kéré, kì í sì í dá. Lọ́jọ́ kejì, Sènàmi gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo tó búrẹ́dì kan. Gbogbo ilé rọ́ yí wa ká, ìyá Sènàmi ló wà níwájú. Mo tẹnu mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Viyọ́n," èyí tó túmọ̀ sí ọmọ dára, lédè ìyá mi. Ó sín. Àwọn òbí Fẹ́mi ní àmì rere ni. Mi ò jiyàn. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó pè é lórúkọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò kí n tó padà gba ọ̀nà kan náà. Hasan kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yẹn, àbúrò rẹ̀ kan ló ń ta tíì, mo sì ní kó bá mi kí i. Mo ra tíì kan, mo na ẹsẹ̀, mo sùn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti Kútọnu mo wọ ọkọ̀ èrò, mo tẹ òǹtẹ̀ ní Seme, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó dé Ibereko.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Ìbẹ̀rù tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kò ṣe mí níbi, òun ló fi òǹtẹ̀ sínú ìwé mi. Èyí tó pa ẹnu mi dé ló fi mí rìn káàkiri mọ́jú, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan péré ni mi ò bi ọ̀gá Kútọnu: "Irú oorun wo lẹ ní kí n má sùn?" Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín máa sùn lọ́nà, ẹ béèrè. Ẹ bi ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì. Ẹ wo ìlú tí wọ́n kọ sára ẹrù yín kí ó tó lọ. Ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú ìlú tí ẹ máa gbà kọjá bóyá wọ́n ń gba físà lọ́wọ́ ẹni tó kàn jókòó, torí òfin wọn kò dọ́gba, èyí tí mo bá lónìí sì lè yí padà lọ́la. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún fòfin dè yín, ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn èèyàn kún iwájú ilé mi lọ́jọ́ tí mo dé. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n jókòó yí mi ká. Ìyá àgbà kan ní, "Wọ́n ní o gba Istanbul lọ, o sì gbà á bọ̀. Báwo ni ìlú náà ṣe rí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sùn síbẹ̀, mi ò sì tíì wọ̀ ọ́ rí."

Wọ́n pariwo. Wọ́n ní ta ló ń sùn sí ìlú tí kò wọ̀, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ara mi dáadáa. Mo ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rántí pé àwòrán wà nínú fóònù mi. Mo na Viyọ́n sí wọn. Fóònù náà bọ́ lọ́wọ́ kan sí òmíràn, ẹni yìí ní imú mi ni, ẹni yẹn ní irọ́ ni, ti ìyá rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó tún bi mí léèrè Istanbul mọ́.